Ìràwọ̀ Ìbejì Ń Já Lókè Ojúẹlẹ́gbá

Kí aago mẹ́rin ìdájí tó lù, Ojúẹlẹ́gbá ti jí. Àwọn tí iṣẹ́ wọn wà ní Erékùṣù Èkó ti dúró sẹ́bàá títì, báàgì lápá, wọ́n ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn kọjá Third Mainland Bridge kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pe Ọbaléńdé, ó ń pe CMS. Ní Mushin, àwọn ìyá tó fẹ́ lọ ra tòmátì ní Mile 12 ti gbéra. Gbogbo ojú ló wà nílẹ̀: ojú ń ṣọ́ ọkọ̀, ojú ń ṣọ́ àpò, ojú ń ṣọ́ gọ́tà. Tó bá jẹ́ àárín oṣù Kejìlá ni, ìràwọ̀ ń já lókè orí wọn ní wákàtí yẹn gan-an, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, kò sì sẹ́ni tó rí i. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ará Mainland lè rí òjò ìràwọ̀ láti ilé rẹ̀, láìra awò olówó ńlá, láìrin ìrìn àjò. Ọ̀pọ̀ ló ti gbà pé iná Èkó ló ń dù wá ní i. Iná ní ẹ̀bi tirẹ̀, n ó sì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tó tóbi jù wà lọ́rùn kàlẹ́ńdà àyálò. Ìròyìn láti òkèèrè ń sọ fún wa pé oṣù Kẹjọ ni ká gbójú sókè. A gbójú sókè, ìkùukùu la rí, a sì pinnu pé kò sí nǹkan kan lójú ọ̀run Èkó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń já. Yorùbá a máa sọ pé ìràwọ̀ já, ọ̀rọ̀ náà sì bá ohun tí ojú rí mu, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ gidi kì í já bọ́. Oòrùn tiwa yìí pàápàá, ìràwọ̀ ni. Bí ọ̀kan nínú wọn bá já lu ayé, kò ní sí ayé mọ́ tí a ó ti ròyìn rẹ̀. Erùpẹ̀ ni ohun tó ń tàn tó sì ń kú yẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ju hóró iyanrìn lọ, èyí tó bá tóbi lè tó ẹ̀pà. Ara ìràwọ̀ onírù, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní comet, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń bọ́, nígbà tí ìràwọ̀ náà bá súnmọ́ oòrùn tí ooru sì ń yọ yìnyín ara rẹ̀. Ẹ ti rí tírélà oníyanrìn tí wọn kò da tapólì bò, bó ṣe ń da iyanrìn sílẹ̀ láti Ṣàgámù títí dé Berger. Bẹ́ẹ̀ ni ìràwọ̀ onírù ń da erùpẹ̀ sójú ọ̀nà tó ń gbà yí oòrùn ká. Ayé náà ní ọ̀nà tirẹ̀ tí kì í yà kúrò lórí rẹ̀. Níbi tí ọ̀nà méjèèjì ti kọjá lára wọn, ayé á rọ́ gba àárín erùpẹ̀ náà, ní nǹkan bí ọjọ́ kan náà lọ́dọọdún. Ìdí nìyẹn tí a fi lè mọ ọjọ́ òjò ìràwọ̀ ní ọdún púpọ̀ ṣáájú, ohun tí kò ṣeé ṣe fún òjò omi. Ìràwọ̀ onírù Halley tó yọ ní 1910, tó tún yọ ní 1986, kò ní padà títí di 2061, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ rẹ̀ ń bẹ̀ wá wò ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹwàá. Eré burúkú ni àwọn erùpẹ̀ wọ̀nyí ń sá bọ̀. Èyí tí à ń retí ní oṣù Kejìlá ń sá kìlómítà 35 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: láti Èkó dé Ìbàdàn kò ní gbà á ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ. Bó bá dé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà lókè orí wa, afẹ́fẹ́ tó ń fún mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ á gbóná kọjá ààlà, erùpẹ̀ á jó, ìmọ́lẹ̀ á fà gbọọrọ, ó tán. Kì í délẹ̀.

Ìdí tí ìdájí fi dára ju ìrọ̀lẹ́ lọ kò ṣòro fún ẹni tó bá ti wọ dánfó rí nínú òjò. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, gíláàsì iwájú ni omi ń lù. Ti ẹ̀yìn kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù. Ayé jẹ́ ọkọ̀ tó ń sá nǹkan bíi kìlómítà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan yí oòrùn ká, ó sì tún ń pòyì bó ti ń lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, gíláàsì ẹ̀yìn ni Èkó wà. Lẹ́yìn ọ̀gànjọ́, ó ti pòyì bọ́ sí iwájú, ibẹ̀ ló sì máa wà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ohun kejì tó yẹ ká mọ̀ ni pé gbogbo ìràwọ̀ tó ń já nínú òjò kan a máa dà bí ẹni pé ojú kan náà ni wọ́n ti ń tú jáde. Ẹni tó bá dúró létí ọ̀nà rélùwéè ní Yábàá, tó wo ìhà Mushin, á rí i pé irin méjèèjì ń súnmọ́ra bí wọ́n ti ń jìnnà, títí wọn yóò fi dà bí èyí tó pàdé. Ẹni tó bá rìn débẹ̀ mọ̀ pé wọn kò pàdé. Erùpẹ̀ náà ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí irin rélùwéè, ojú wa ló fún wọn ní orísun kan. Ìdájí ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá 1833 ni ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere sí aráyé. Ìràwọ̀ já lójú ọ̀run Amẹ́ríkà ní ìdájí yẹn bí ìgbà tí wọ́n bá ń gbọn igi eléso, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ṣubú sórí eékún pé ọjọ́ ìdájọ́ dé. Frederick Douglass, tó ṣì wà lóko ẹrú ní Maryland nígbà náà, fi ojú ara rẹ̀ rí i, ó sì kọ ọ́ sínú ìtàn ayé rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Denison Olmsted ní Yale gba ẹ̀rí jọ láti ìlú dé ìlú, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ gbogbo wọn bára mu: àárín àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Kìnnìún ni òjò náà ti ń tú jáde. Orúkọ àwọn ìràwọ̀ tó bá wà níbi orísun ni wọ́n wá ń fi pe òjò kọ̀ọ̀kan.

Ó yá, ẹ wá wo kàlẹ́ńdà àyálò náà. Òjò tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ jù lágbàáyé ni Perseids, ti òru ọjọ́ 12 mọ́jú ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ, erùpẹ̀ ìràwọ̀ onírù Swift-Tuttle tí wọ́n ṣàwárí ní 1862, tó sì padà wá ní 1992. Ariwo náà tọ́ sí i ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, nítorí ìgbà ooru wọn ni, òru kò tutù, àwọn ọmọ sì wà ní ìsinmi. Ní Èkó ńkọ́? Oṣù Kẹjọ ni òjò ń sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ìkùukùu kì í bá a sinmi. Ọ̀run á ṣú bí òjò kò tilẹ̀ rọ̀, oòrùn ọ̀sán gan-an a di ọ̀wọ́n, áńbọ̀sìbọ́sí ìràwọ̀ òru. Lẹ́yìn èyí, ojú orísun Perseids jìnnà sí ìhà àríwá. Àwa tí a kò ju ìwọ̀n mẹ́fà ààbọ̀ lọ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nǹkan bí ọ̀gànjọ́ ló ń yọ sí wa, kò sì ní ga tó ìdajì ojú ọ̀run kí ilẹ̀ tó mọ́ bá a. Ní Mushin, níbi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti fara ti ara wọn, ògiri ilé aládùúgbò nìkan ti tó láti dí i. Ẹni tó bá fi Perseids dán ọ̀run Èkó wò dà bí ẹni tó wá àgbálùmọ̀ dé ọjà ní oṣù Kẹsàn-án, tó wá padà sílé pé àgbálùmọ̀ kò sí ní ìlú yìí.

Ìgbà tí àgbálùmọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dé orí igbá ni ìràwọ̀ tiwa ń já. Òjò àárín oṣù Kejìlá ń jẹ́ Geminids, láti ara Gemini, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe Ìbejì. Ní ilẹ̀ Yorùbá, tí gbogbo ayé mọ̀ fún ìbejì bíbí, n kò rí ohun tó ní ká má pè é ní òjò ìràwọ̀ Ìbejì. Ìràwọ̀ méjì tó mọ́lẹ̀ dáadáa ló dúró fún àwọn ọmọ méjèèjì, Castor àti Pollux ni ìwé sì ń pè wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń yọ lójú ọ̀run Èkó ló wú mi lórí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Castor ló ń kọ́kọ́ yọ. Ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́tàlá lẹ́yìn rẹ̀ kí Pollux tó tẹ̀lé e, Pollux tó dé kẹ́yìn yìí ló sì mọ́lẹ̀ jù. Èyí tó wá tọ́ ayé wò ṣáájú, èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bọ̀ lẹ́yìn: Yorùbá kò nílò alàyé kankan láti mọ èwo ni Táyé, èwo ni Kẹ́hìndé. Ẹni tó bá kọjú sí ìlà-oòrùn ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá á rí ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lórí ìlà kan ṣoṣo, tí wọn kò jìnnà síra. Nísàlẹ̀ wọn, lápá ọ̀tún, ni ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ òru lọ wà. A. B. Ellis kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn Yorùbá ní 1894 pé ìràwọ̀ ọkọ̀ ni àwọn èèyàn ń pe èyí, nítorí pé àwọn atukọ̀ fi ń mọ ọ̀nà. Nísàlẹ̀ ìràwọ̀ mẹ́ta náà, lápá òsì, ni Táyé àti Kẹ́hìndé ti ń gòkè bọ̀. Nígbà tí yóò bá fi tó nǹkan bí aago mẹ́ta òru, wọ́n ti kọjá gbogbo òrùlé àti òpó iná, wọ́n ti ga dé nǹkan bí ìdá méje nínú ìdá mẹ́wàá ọ̀nà tó lọ sí àtàrí wa. Ohun tó ń da erùpẹ̀ wọn sílẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù. Àpáta kan ni, Phaethon ni wọ́n ń pè é, sátẹ́láìtì kan ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1983, ó sì ń súnmọ́ oòrùn ju bí Mercury ti súnmọ́ ọn lọ. Títí di bí mo ti ń wí yìí, bí àpáta ṣe ń bú erùpẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣì ń mú àwọn onímọ̀ jiyàn.

Ẹni tó bá ń gbé ní Sùúrùlérè á bi mí pé iná ńkọ́. Ìbéèrè tó tọ́ ni, n kò sì ní í fi irọ́ tù ú nínú. Iye tí ìwé ń kà fún Geminids, 120 sí 150 láàárín wákàtí kan, jẹ́ ti ẹni tó wà níbi tó ṣú dúdú, tí Ìbejì sì wà ní àtàrí rẹ̀ gan-an. Ní àárín Èkó, iná òpó, pátákó ìpolówó, iná ilé epo àti iná ọgbà ti ran ojú ọ̀run ní àwọ̀ ọsàn, débi pé àwọn ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù nìkan ni ojú ń rí. Ìràwọ̀ tó ń já náà kò yàtọ̀: èyí tí kò lágbára á kọjá láìhàn. Bí a bá ṣírò ohun tó kù, ó tó nǹkan bíi mẹ́wàá ní wákàtí kan, ó lè lé díẹ̀. Ṣé mẹ́wàá kéré? Ó kéré lójú ẹni tó ti wo àwòrán íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi wákàtí mẹ́jọ yà, tí wọ́n wá kó gbogbo rẹ̀ sójú kan. Lójú ẹni tó ti lo ogójì ọdún ní Èkó láìrí ẹyọ kan, mẹ́wàá ní òru kan pọ̀ púpọ̀. Ìràwọ̀ Ìbejì sì ní àǹfààní kan tí àwọn mìíràn kò ní: eré wọn kò yá tó ti ẹgbẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì mọ́lẹ̀, nítorí náà ojú ń rí àyè bá wọn lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń bínú sí iná Èkó tún rò ni pé iná kì í bo ojú ọ̀run dọ́gba. Ẹsẹ̀ ọ̀run, níbi tó ti kan òrùlé, ni ó ti ń dà rú jù. Àtàrí ló ń ṣókùnkùn jù. Ìdí mìíràn nìyẹn tí Ìbejì, tó ń gba òkè lọ, fi bá Mainland mu ju Perseids tó ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ lọ. Aago mẹ́ta òru kò sì dà bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Láti ìgbà tí owó epo bẹńtiróòlù ti fò sókè ní 2023, ọ̀pọ̀ ilé ló ń pa jẹnẹrétọ̀ kí ọ̀gànjọ́ tó kọjá. Bí iná mànàmáná bá tún wá lọ, òkùnkùn tí à ń bú lójoojúmọ́ á di èrè ní wákàtí yẹn.

Àtakò kejì ni ọyẹ́. Eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀, pàápàá láti ibi tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, lè mú ojú ọ̀run funfun bí omi ògì, kí oòrùn ọ̀sán sì dà bí òṣùpá. Bí eruku bá nípọn tó báyìí, kò sí ohun tí a ó rí, ẹni tó bá sì sọ nǹkan mìíràn ń tan ènìyàn. Ṣùgbọ́n àárín oṣù Kejìlá ni ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí eruku rẹ̀ bo ilẹ̀ wà, ọjọ́ tí kò bò ó wà. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó gbé eruku wá yìí kan náà ló ń lé ìkùukùu òkun padà. Ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní ni òjò ń ṣọ̀wọ́n jù ní Èkó. Bí a bá gbé eruku ọjọ́ díẹ̀ sórí ìwọ̀n pẹ̀lú ìkùukùu oṣù mẹ́fà, mo mọ èyí tí n ó yàn. Eruku pẹ̀lú kì í bo ojú ọ̀run dọ́gba: ẹsẹ̀ ọ̀run ló ń kó sí jù, nítorí ibẹ̀ ni ojú wa ti ń la inú rẹ̀ gùn jù. Ẹ tún ti rí i pé ọ̀rọ̀ padà sí àtàrí.

Ibo wá ni kí ènìyàn dúró sí? Ilé rẹ̀ ni. Èkó kì í ṣe ìlú tí a ó ní kí ẹni kan jáde lọ dúró ní pápá ṣófo ní aago mẹ́ta òru, ibi tí géètì wà tí olùṣọ́ wà ló yẹ kó jẹ́. Ilé tó bá ní dẹ́kì sìmẹ́ńtì lókè ló dára jù. Òrùlé páànù kì í ṣe ibi ìdúró. Ní àwọn ilé àtijọ́ Sùúrùlérè tí àgbàlá wọn fẹ̀, àárín àgbàlá ti tó. Ní ilé onípálọ̀ọ̀ gígùn ní Mushin, ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ń sá aṣọ sí lè ṣe é, bí a bá rí ògiri tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí yóò dí iná aládùúgbò lójú wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé inú Yunifásítì Èkó ní Àkọkà ni mo ń jowú jù, nítorí etí ọ̀sà wọn kọjú sí ìlà-oòrùn. Omi ọ̀sà tó tẹ́ lọ níwájú wọn kò ní òpó iná, ibẹ̀ sì ni Táyé ti ń kọ́kọ́ yọjú. Ẹni tó bá ní ẹbí ní Ẹ̀pẹ́, Badagry tàbí abúlé kan lẹ́yìn Ìkòròdú lè lọ sun ọ̀dọ̀ wọn, iye tó máa rí á di ìlọ́po ìlọ́po. Àwọn nǹkan tó kù kò náni lówó. Ẹní kan, ìbora nítorí ẹ̀fọn, kí ènìyàn sì dùbúlẹ̀ kí ọrùn má baà ro ó. Ojú nílò nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n kó tó mọ òkùnkùn dáadáa, bó bá sì wo fóònù lẹ́ẹ̀kan, ó di dandan kó tún un bẹ̀rẹ̀. Awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ọ̀run kò wúlò níbí, nítorí ojú ihò kékeré ló ń gbà wòran, ìràwọ̀ tó ń já kì í sì sọ ibi tó máa gbà. Ojú lásán ni irinṣẹ́. Kí ènìyàn wò ó tó wákàtí kan gbáko, nítorí ìràwọ̀ kì í já bí aago: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè kọjá láìsí ẹyọ kan, kí mẹ́ta sì tẹ̀lé ara wọn.

Àwọn kan wà tí wọn kò ní í wò ó bí mo tilẹ̀ kọ ìwé mẹ́wàá, torí pé wọ́n gbà pé bí ìràwọ̀ bá já, ẹni ńlá kan ló kú. Àwọn mìíràn ti gba àdúrà pé ìràwọ̀ àwọn kò ní í já, wọn kò wá fẹ́ fi ojú ara wọn rí èyí tó ń já. N kò fi èyíkéyìí nínú wọn ṣẹlẹ́yà. Ọ̀rọ̀ orí àti ògo ni ìràwọ̀ inú àdúrà yẹn, kò sì sí ohun tí erùpẹ̀ Phaethon lè fi í ṣe. Ní ti ikú ẹni ńlá, ohun tí a lè ka ọjọ́ rẹ̀ ní ogún ọdún ṣáájú, tí ń ṣẹlẹ̀ nílé ológo àti nílé tálákà lóru kan náà, kò lè máa sọ ìròyìn ẹnì kan. Ẹ̀rù tí mo kà sí ju ìyẹn lọ ni ti àwọn tó ń bẹ̀rù pé òkúta lè já lu ilé. Ní òru ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 2020, ìbúgbàù kan gbẹ́ kòtò ńlá sójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, ó sì ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́. Gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó sọ pé ọkọ̀ tó kó ohun abúgbàù ló fà á. Onímọ̀ kan láti Ifẹ̀ sọ pé òkúta ojú ọ̀run ni, àríyànjiyàn náà sì gbóná fún ìgbà díẹ̀. Èyíkéyìí tí ènìyàn ìbáà gbà gbọ́, kò kan òjò ìràwọ̀, nítorí hóró iyanrìn kì í gbẹ́ kòtò. Òkúta kan tó jábọ́ ní Nàìjíríà láìsí iyàn ni ti Zagami, ní ìpínlẹ̀ Katsina, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá 1962. Àgbẹ̀ kan ń lé ẹyẹ kúrò nínú àgbàdo rẹ̀ nígbà tí òkúta tó wọ̀n tó nǹkan bíi kílò 18 já bọ́ nítòsí rẹ̀, kò sì pa á lára. Nígbà tó yá ni àwọn onímọ̀ rí i pé láti Mars ni òkúta náà ti wá. Òun náà kò bá òjò ìràwọ̀ kankan rìn.

Ẹni tó bá béèrè pé kí ni èrè rẹ̀ fún ọmọ Mushin, èmi náà ní ìdáhùn. Kíkà ìràwọ̀ tó ń já jẹ́ iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ojú lásán ṣì ń ṣe títí dòní. Ẹgbẹ́ International Meteor Organization, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, ń gba iye tí àwọn ènìyàn lásán kà káàkiri ayé: ìgbà tí ẹni náà bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó parí, iye tó rí, àti bí ọ̀run rẹ̀ ti mọ́ tó. Inú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ibi tí erùpẹ̀ ti nípọn àti ibi tó ti fẹ́lẹ́, ìmọ̀ tó sì kan àwọn sátẹ́láìtì tó ń gbé ìpè wa. Ìlú Èkó àti Yúróòpù jọ ń wà nínú òru kan náà. Ní oṣù Kejìlá, ìkùukùu òtútù a máa bo púpọ̀ nínú Yúróòpù. Ọmọ ilé-ìwé kan tó dùbúlẹ̀ sórí dẹ́kì ní Yábàá pẹ̀lú ìwé àti bírò lè di ojú tó ń ríran ní àwọn wákàtí tí àwọn ará Yúróòpù kò rí nǹkan kan. Èyí wúlò lójú mi ju ọ̀pọ̀ ìdánrawò inú kíláàsì lọ.

Àwọn òjò mìíràn wà, mo sì lè mẹ́nu kàn wọ́n wéré. Ti erùpẹ̀ Halley ní nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 6 oṣù Karùn-ún bá àwa ará ìlà agbedeméjì ayé mu gan-an, ó dára lọ́dọ̀ wa ju ti London lọ fíìfíì, láti bí aago mẹ́ta òru títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Òjò omi nìkan ni ọ̀tá rẹ̀. Èyí tó pa Amẹ́ríkà láyà ní 1833, Leonids, ń wá ní ọjọ́ 17 sí 18 oṣù Kọkànlá, kò sì ju ìwọ̀nba lọ ní ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ onírù rẹ̀ ń padà bọ̀ ní 2031. Ohun tó kù tí kàlẹ́ńdà wa gbọ́dọ̀ ní ni òṣùpá, nítorí òṣùpá àrànmọ́jú burú ju gbogbo iná Ojúẹlẹ́gbá lọ. Ní ọdún 2027, ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá gan-an ni òṣùpá yóò kún, ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ yóò sì bá ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ. Ti 2026 sàn jù. Òṣùpá yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọjọ́ 9 oṣù náà. Ní alẹ́ ọjọ́ 13, yóò ti wọ̀ kí aago mọ́kànlá tó lù, yóò sì fi gbogbo ìyókù òru sílẹ̀ fún Ìbejì. Bí ìkùukùu tàbí eruku bá ba ti òru yẹn jẹ́, òru tó tẹ̀lé e ṣì dára. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ 14 bọ́ sí. Ẹni tó bá ń lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí yẹn lè kúrò lábẹ́ iná òpó, kó fẹ̀yìn ti ògiri, kó di àpò rẹ̀ mú, kó sì máa wo àtàrí títí ọkọ̀ Ọbaléńdé yóò fi dé.